Bọ́ọ̀lù Tí Ọmọ Náà Kò Lù

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa wá bá mi pé kí n kọ ìtàn iṣẹ́ ayé mi fún àwọn, ohun tí mo kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé ta ló rán wọn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ tí mo ṣe, bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run kó tó dáhùn. Wọ́n ní iṣẹ́ tí àwọn máa yàn ló ń da àwọn láàmú, ẹnu àgbà làwọn sì fẹ́ ti gbọ́ ọ. Ó dáa. Mo máa sọ tèmi, àmọ́ ẹ má kàn gbé e mì bẹ́ẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Iṣẹ́ mi ni kí n wo ọmọ tó ń lu bọ́ọ̀lù, kí n sì sọ bóyá ó mọ̀ ọ́n lù lóòótọ́. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ o. Bésíbọ́ọ̀lù ni. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta, ẹnì kejì á dúró pẹ̀lú igi lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó funfun kan tó wà nílẹ̀. Pátákó yẹn là ń pè ní péléètì. Bọ́ọ̀lù tó bá gba òkè péléètì kọjá, tí kò ga ju àyà lọ, tí kò sì lọ sílẹ̀ ju orúnkún lọ, bọ́ọ̀lù dáadáa nìyẹn, ó yẹ kí ọmọ náà lù ú. Èyí tó bá yà síta, kó fi sílẹ̀ fún ẹni tó jù ú. Bó bá lù ú tó sì balẹ̀ níbi tó dáa, á sáré. Ìyókù, ẹ máa rí i bí ìtàn bá ṣe ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń gbá a ní Port Harcourt níbí, ẹ kàn ń gba ẹ̀bá pápá náà kọjá lọ sọ́jà ni.

Ará Ìjẹ̀bú-Igbó ni bàbá mi, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Ìjọba ló gbé e wá síbí, ibí ni wọ́n sì bí mi sí. Morẹ́nikẹ́ lorúkọ mi, àmọ́ Kóòṣì Morẹ́ ni gbogbo pápá mọ̀. Mo gbá a nígbà ọmọdé, títí apá mi fi yẹ̀. Ọdún 1999, nígbà tí àwọn ṣọ́jà ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ nílé ìjọba, ni mo wọ iṣẹ́ lábẹ́ Ọ̀gá Nyeche, ẹni tó ń yan ọmọ fún ẹgbẹ́ ìlú wa. Àwọn aláṣẹ eré ìdárayá gbà mí, wọ́n sì ń sanwó nígbà tó bá wù wọ́n. Kò sí ohun tó dùn nínú ìyẹn, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ọ̀gá Nyeche, ọmọ Ikwerre ni, pẹ́lẹ́ńgẹ́ bàbá kan tí kì í pariwo. Fìlà ló fi ń bá ni wí. Ẹ̀yìn àwọ̀n ló ní kí n dúró sí, lẹ́yìn péléètì gan-an, ó sì ṣòfin kan fún mi: mi ò gbọ́dọ̀ fi ojú tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá ti lù. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Bí igi bá ba bọ́ọ̀lù, tí ó sì fò lọ, tí gbogbo èèyàn ń hó yèè, ọrùn yín á yí fúnra rẹ̀. Bí tèmi bá yí, fìlà Ọ̀gá á ti bà mí lórí.

"Morẹ́, where your eye dey go? Ball wey don go, e no get wetin e go tell you again. Look the boy!"

Ohun tó kọ́ mi kò pọ̀ àmọ́ ó le. Ó ní ẹnikẹ́ni lè lu bọ́ọ̀lù tó dáa, àní afọ́jú á bà á lọ́jọ́ tí orí bá yọ ọ́. Èyí tó fi sílẹ̀ ni kí n máa wò, kí n sì bi ara mi pé kí ló dé tó fi fi í sílẹ̀. Ọmọ tó ń bẹ̀rù á fi í sílẹ̀, ìgbáròkó rẹ̀ á ti sá sẹ́yìn. Ọmọ tó ń sùn á fi í sílẹ̀, ojú rẹ̀ á dé lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá ti kọjá. Àmọ́ ọmọ tó rí i dáadáa, orúnkún iwájú rẹ̀ á ti múra láti lọ, ọwọ́ rẹ̀ á ti fẹ́ gbéra, yóò sì dá ara rẹ̀ dúró. Ìyẹn lẹni tí à ń wá. Bí wọ́n bá ti gbá a tán, Ọ̀gá á jókòó sórí bẹ́ńṣì, á ní, "Bọ́ọ̀lù tí ọmọ pupa yẹn fi sílẹ̀ kó tó jáde, kí ló dé?" Bí mo bá sọ pé "mo rò pé," á ní kí n máa lọ sílé. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo sunkún délé nítorí "mo rò pé" yẹn! Ìyá mi ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán.

Lásìkò yẹn, a ò ní nǹkan kan. Káfíńtà ló ń gbẹ́ igi wa. Bọ́ọ̀lù tó bá ya, ṣóbàtà tó ń rán bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ló ń gán an pọ̀. Ìbòjú onírin tí ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù lẹ́yìn péléètì ń wọ̀, ajórin ló jó o pọ̀ fún wa, ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọrùn ọmọ á tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. A yó níwọ̀nba.

Ohun kan ṣoṣo tí Ọ̀gá Nyeche kò ní ni ìfura. Bọ́ọ̀lù ló ń fura sí, kì í fura sí èèyàn. Èmi ni mo bá a fi ìyẹn kún un, ẹ sì máa gbọ́ bó ṣe já sí.

Ọkùnrin kan dé sí àárín wa tó ń jẹ́ Sunday. Ìdíje àwọn ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún ń bọ̀ lọ́nà, ìlú wa níbí ni wọ́n sì ti máa gbá a. Sunday ga, ó rẹwà, igi rẹ̀ kì í tàsé. Inú Ọ̀gá dùn débi pé ó ń fi fìlà fẹ́ atẹ́gùn sí ara rẹ̀ nígbàkígbà tí ọmọ náà bá dúró sí péléètì. Èmi ń wo èyí tó fi sílẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ẹ̀yin náà mọ ọmọdé. Ẹ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ẹ ní kó ní sùúrù, ọwọ́ rẹ̀ á ti wọ inú abọ́. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ kì í ré ọmọdé kọjá. Sunday á wo bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ bí ẹni ń wo ọkọ̀ tí kò lọ sí àdúgbò rẹ̀. Á wo ìkejì, á yán. Èyí tó bá wù ú ló máa lù. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ti Sunday sì ti ya jù.

Mo sọ ọ́. Mo ní, "Ọ̀gá, this boy dey wait like person wey don pay house rent before."

Ọ̀gá wò mí tàánú-tàánú. "Morẹ́, because person sabi wait, you don put am for police book? You too dey suspect."

Ọjọ́ ìdíje pé. A ti ń borí, Sunday dúró sí péléètì, ni obìnrin kan bá dìde láàárín èrò, ó pọn ọmọ kan, ó sì gbé èkejì rẹ̀ dání, ojú kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Inú rẹ̀ dùn dé góńgó. Ó fi gbogbo ohùn rẹ̀ kígbe: "Papa Ejima! Papa Ejima, knack am!"

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè àwọn ará ibí mọ̀ pé bàbá ìbejì ló ń pè. Sunday bojú wẹ̀yìn, ó sì júwọ́ sí i. Orí ló mọ ohun tó ń rò. Àwọn alátakò wa kò dúró kí wọ́n tún bi í léèrè. Wọ́n fẹjọ́ sùn pé àgbàlagbà ni, àwọn olùdarí sì lé wa jáde nínú ìdíje náà, kì í ṣe òun nìkan, gbogbo wa pátá, àti àwọn ọmọ tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n wọn. Àwọn ọmọ yẹn jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n ń sunkún láì bo ojú. Inú mi bà jẹ́, inú sì bí mi. Wọ́n gba iṣẹ́ yíyan ọmọ kúrò lọ́wọ́ Ọ̀gá. Ó wá sílé wa ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò jókòó, ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"From today," ó ní, "na your eye dem go dey use. No allow anybody sweet you."

Ó lọ sí Omagwa lọ dáko, kò sì wo bésíbọ́ọ̀lù mọ́. Títí dòní, bí mo bá kọjá sí pápákọ̀ òfuurufú tó wà lọ́hùn-ún, mo máa ń wo ẹ̀gbẹ́ títì bóyá màá rí fìlà rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti di ẹni tí gbogbo àwọn òbí ń sá fún. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Mi ò ka ìwé ọjọ́ ìbí sí, ẹnikẹ́ni lè ní ìwé. Àbúrò ọmọ ni mo máa ń bi léèrè, nítorí àbúrò kì í rántí láti parọ́. Mo máa ń wo bí ọmọ ṣe ń kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Mo fura sí ẹni tó lù ú jù, mo fura sí ẹni tí kò lù ú tó. Wọ́n ń pè mí ní Madam C.I.D., mo sì ń dáhùn.

Irinṣẹ́ yí padà mọ́ wa lọ́wọ́. Igi onírin fífúyẹ́ dé, ìró rẹ̀ dà bí ẹni ń lu agolo. Fóònù dé, olúkúlùkù ń ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ kékeré kan dé tí wọ́n ń so mọ́ ìdí igi, tí á sọ bí igi ṣe yára tó. Chidi, igbákejì mi, ọmọ dáadáa ni, àmọ́ kì í wo pápá mọ́, ojú fóònù ló ń wò. Mo bi í pé ẹ̀rọ yìí, bí ọmọ bá fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kí ló máa ń sọ? Ó ní kì í sọ nǹkan kan. Mo ní kó máa wò ó lọ.

Ọdún tí mo máa fẹ̀yìn tì ni Ayọ̀délé dé. Ọmọ Ìlàjẹ ni, àwọn apẹja tó tẹ̀dó sí etí omi ní Iwofe. Olùkọ́ rẹ̀ ló mú un wá sí pápá wa ní Elekahia. Ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n ní. Wọ́n ní! Ó dúró sí péléètì, wọ́n ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ó wò ó kọjá. Ìkejì gba ìtòsí ara rẹ̀, bọ́ọ̀lù dáadáa ni, ó tún wò ó kọjá. Orúnkún rẹ̀ múra, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ gbéra, ó sì dá ara rẹ̀ dúró. Sunday wá sí mi lọ́kàn. Èyí tó wá lù nígbẹ̀yìn, ìta ló gbà, ó sì fi igi tì í sí apá ọ̀tún, nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bó ṣe ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú nìyẹn. Kò lu ọ̀kan ṣoṣo sí apá òsì. Kò lu ọ̀kan ṣoṣo sókè.

Chidi wo fóònù rẹ̀. "Coach, this one weak."

"Kò wẹ́ẹ̀kì," mo ní. "Ohun kan ló ń fi pa mọ́."

Ṣé ẹ rí i, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó lè jẹ́ pé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́ rí. Ó sì lè jẹ́ bàbá ìbejì mìíràn. Òyìnbó kan sì ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà láti yan ọmọ kan lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ bésíbọ́ọ̀lù àti ìwé lókè òkun. Ọmọ kan ṣoṣo. Ẹni tí mo bá fọwọ́ sí nìkan ló máa dúró níwájú rẹ̀. Bí mo bá fi Ayọ̀ síbẹ̀ tó sì jẹ́ pé àgbàlagbà ni, òyìnbó kò ní yà sí ìlú wa mọ́ láé. Bí mo bá yọ ọ́, tó sì jẹ́ ọmọdé, mo ti sé ọ̀nà ayé rẹ̀ nìyẹn. Mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di Iwofe.

Mo bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń yan ẹja. Bí mo ṣe ní èmi ni kóòṣì, ó dìde, ó nu ọwọ́ nù.

"Anti, ṣé kì í ṣe pé ó jí nǹkan?"

"Rárá o. Mo kàn wá kí yín ni."

"Kí wa?" Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Láti Elekahia?"

Mo rí i pé mo ti pàdé ẹnìkejì mi. Èmi ń fura sí i, òun ń fura sí mi, ẹja ń jóná láàárín wa. Mo béèrè àbúrò Ayọ̀. Ọmọbìnrin kan jáde, ó ní bùrọ̀dá òun ń lọ kíláàsì tí òun máa wọ̀ lọ́dún méjì sí i, àti pé lóṣù tó kọjá ni ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Ó sín ohùn náà jẹ, ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ọmọdé ni. Ó wá ku ọ̀ràn apá òsì. Mo ní kí wọ́n mú mi lọ síbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ibẹ̀ kò ju yanrìn tóóró kan lọ láàárín àwọn ilé àti omi. Bí ọmọ bá dúró sí péléètì wọn, tó jẹ́ ìdérí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n tẹ̀ pẹrẹsẹ, gbogbo ọwọ́ òsì rẹ̀, omi ni. Ọwọ́ ọ̀tún ni ilé, páànù sì ni òrùlé wọn. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní. Mo dúró, mo wò wọ́n. Bọ́ọ̀lù tó bá ti súnmọ́ ara, gbogbo wọn ló ń fi sílẹ̀, nítorí bọ́ọ̀lù tó bá súnmọ́ ara, bí wọ́n bá lù ú, inú omi ló ń lọ. Ìta ni wọ́n ń dúró dè, kí wọ́n lè tì í sí apá ilé, kó má sì ga, kí páànù ẹnikẹ́ni má baà fọhùn.

Mo pe Ayọ̀. "Bí ẹnì kan bá lù ú sínú omi ńkọ́?"

Bí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí síbí, ó gbọ́ Yorùbá, àmọ́ pijin ló fi ń fèsì. "Who knack am go enter go carry am, Anti. If water carry am go, everybody go house. No ball again."

Ẹ̀rín pa mí, omi sì lé sí mi lójú. Gbogbo sùúrù àgbà tí mo rí yẹn, ọmọ tó ń ṣọ́ bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni.

Ọjọ́ tí òyìnbó náà dé, mo ti bi í ní gbogbo ìbéèrè tí ẹni tó ń ta ilẹ̀ kò fẹ́ gbọ́: ibi tí ọmọ máa sùn, ta ló máa dáná fún un, ta la máa pè bí ara rẹ̀ kò bá yá. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ẹ̀rín yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ní kí ìyá Ayọ̀ wà níbẹ̀, ó sì wà níbẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, ó ń wo òyìnbó náà bí ẹni ń wo ẹja tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ayọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó fi sílẹ̀, ó fi sílẹ̀, ó tì í sí ọ̀tún. Ó fi sílẹ̀, ó tì í sí ọ̀tún. Òyìnbó wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó mi orí. Ó ti ń ká ẹrù rẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó dúró díẹ̀. Mo rìn lọ bá ọmọ náà ní péléètì.

"Ayọ̀, wo ọwọ́ òsì rẹ. Kí lo rí?"

"Wall, Anti."

"Omi ńkọ́?"

Ó tún wò ó dáadáa, bí ẹni tí kò gbà mí gbọ́. "Water no dey."

"Ó tán. Lù ú bó ṣe wù ọ́."

Wọ́n jù ú. Ó gba ìtòsí ara rẹ̀, irú èyí tó ti ń fi sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ti mọ igi í mú. Orúnkún rẹ̀ múra, ọwọ́ rẹ̀ gbéra, kò sì dá ara rẹ̀ dúró. Èmi tí wọ́n fi fìlà kọ́, mi ò lè dá ọrùn mi dúró lọ́jọ́ náà, mo yí i. Bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri, ó kọjá igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ògiri. Chidi ju fóònù sílẹ̀.

Ayọ̀ kò sáré bí wọ́n ṣe ń sáré. Ó ju igi sílẹ̀, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gba àárín pápá kọjá, ó gun ògiri, ó bẹ́ sí òdìkejì. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Òyìnbó bi mí pé níbo ló ń lọ. Mo ní, "Ó ń lọ bá ọ mú bọ́ọ̀lù rẹ."

Ó pẹ́ kó tó dé. Ó ti fi ṣòkòtò rẹ̀ nu bọ́ọ̀lù náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún òyìnbó. "Sorry, sir. E no spoil."

Òyìnbó kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbà á gbọ́ nìyẹn. Ó dá bọ́ọ̀lù náà padà sí ọwọ́ ọmọ, ó ní tirẹ̀ ni. Ayọ̀ wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dìde lórí bẹ́ńṣì, ó rìn wá, ó sì rọra bi mí pé:

"Anti, kí ló fẹ́ gbà dípò rẹ̀?"

Mi ò ní irọ́ tí mo lè pa. "Ọmọ yín ni, Ìyá Ayọ̀. Ó fẹ́ mú un lọ."

Kò sunkún, kò sì yọ̀. Ó gba bọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ òyìnbó, ó sì pa ìka rẹ̀ dé lé e lórí.

"Ẹ bá mi sọ fún un pé a kì í tọrọ ọmọ lórí pápá. Kó wá sílé."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, mi ò yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀. Ó dúró, ó wo obìnrin náà, ó wo ọmọ. Lẹ́yìn náà ló ṣí fìlà, ó sì bi mí pé mọ́tò wo ni wọ́n ń wọ̀ dé Iwofe.